Ìwé Àkọsílẹ̀ Bàbá Iná-Ò-Kú

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkùnrin yìí bá yín jà, ẹ sọ fún un pé iná kú. Kì í ṣe oníjà ẹ̀dá o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí ń kí ọmọdé kí ọmọdé tó kí i, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n iná ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ lójú rẹ̀ pé iná ọ̀hún kú rí. Àwọn arúgbó ilé náà ló sọ ọ́ ní Bàbá Iná-Ò-Kú. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbàkúgbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Arúgbó méjìlélógún ló ń gbé inú ilé náà, ilé alájà kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, fèrèsé ńláńlá, àti àwọn àga onítìmùtìmù tí olúkúlùkù ti sọ di tirẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló dá a sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ń jèrè níbẹ̀ àfi kòkòrò tí ń jẹ igi fèrèsé. Mẹ́ta nínú àwọn arúgbó náà kì í lè mí dáadáa láìsí ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fa afẹ́fẹ́, tí ń sẹ́ ẹ, tí ń fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lọ sí ihò imú wọn. Iná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Iná ìjọba àdúgbò náà ẹ̀wẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ fi wà nínú yàrá bíríkì kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ìdí nìyí náà tí Bàbá Iná-Ò-Kú àti ìyàwó rẹ̀ fi ń gbé yàrá méjì tó wà nínú ọgbà ilé náà, kó lè máa wà nítòsí tọ̀sán-tòru. Bí iná ìjọba bá ti ṣẹ́jú, ó ti dìde. Ó mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí, ó mọ ibi tí yóò fi tòsì sí. Kí ẹni tí ń mu tíì nínú pálọ̀ tó gbé kọ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu, ẹ̀rọ ti ké, iná ti dé. Àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á kàn sín lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mátírọ́nì, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé náà, fún un ní ìwé kan ní ọdún tó débẹ̀, pé kó máa kọ bí iná ṣe ń ṣe sí lójoojúmọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò nu epo ọwọ́ rẹ̀ nù, yóò jókòó, yóò kọ ọjọ́, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú rẹ̀: Iná ò kú. Iná ìjọba lè ti lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ ìjọba nìyẹn. Lójú tirẹ̀, iná tó lọ tí òun sì dá a padà kíákíá kò kú. Bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kún ìwé mẹ́rin, ó sì máa ń ṣí wọn wò nígbà mìíràn bí ẹlòmíràn ṣe ń wo fọ́tò ìgbéyàwó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mátírọ́nì sọ pé òun fẹ́ gba ẹnì kan kún un. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kọ̀.

“Mátírọ́nì, ẹ̀rọ kì í sin ọ̀gá méjì,” ló wí.

Ìgbéraga ni, ká má purọ́. Kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú orúkọ rẹ̀.

Báyìí ni káńsù wá kéde owó ìrànwọ́. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ káàkiri: ilé ìtajà ni o, ilé iṣẹ́ kéékèèké ni o, ilé aláàánú tí kì í jèrè ni o, ẹni tó bá fẹ́ pátákó sólà sórí òrùlé rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tí yóò máa fi iná oòrùn pamọ́, kó wá gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n kò lè kárí. Àwọn tí àìsí iná ń ṣe ní jàǹbá jù ni yóò wà lókè, àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá ni wọn yóò sì fi mọ̀ wọ́n. Mátírọ́nì kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. “Ta ló tún nílò rẹ̀ jù wá lọ?” ló wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò dára.

Ìyàwó Bàbá Iná-Ò-Kú, tó jẹ́ aránṣọ, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Bí sólà bá dé, Bàbá Iná-Ò-Kú,” ló wí, “ta ni wọ́n á wá máa pè bẹ́ẹ̀? Bátìrì?”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ó fẹ́ kí sólà dé nítorí àwọn arúgbó náà. Ó sì tún fẹ́ kí fọ́ọ̀mù ọ̀hún sọnù sí abẹ́ tábìlì kan ní káńsù. Ohun méjèèjì ló ń fẹ́ pa pọ̀, ojú ara rẹ̀ sì ń tì í.

Obìnrin tí káńsù rán wá wo ilé náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kí àwọn arúgbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú. Ní yàrá kẹta ni wọ́n ti bá Tíṣà Àgbà, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ti kọ́ ìdajì àdúgbò náà ní ìṣirò. Ó jókòó ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó di wáyà iná ẹ̀rọ náà mú ṣinṣin. Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé ojú rẹ̀ kì í le, na ọwọ́ láti tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe.

“Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára mi!” ni Tíṣà Àgbà ké mọ́ ọn. “O ò ní fọwọ́ kan nǹkankan níbí.”

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ kúrò, ó sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà.

“Má kà á sí o,” ni Mátírọ́nì sọ fún obìnrin káńsù náà nígbà tí wọ́n jáde. “Ọjọ́ orí ni. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí nọ́ọ̀sì yìí, òun nìkan náà ni wọ́n sì ń ṣe é sí. A ò mọ ohun tó fà á.”

Bàbá Iná-Ò-Kú tó ń tẹ̀ lé wọn wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì, obìnrin káńsù ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ní gbogbo oṣù méjìlá yìí, iná ò kú rárá?”

“Kò kú.”

“Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?”

“Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà níbí. Lọ bi ẹnikẹ́ni tó bá wù ẹ́.”

Mátírọ́nì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Bàbá rò pé àga ló ń yẹ̀, ó sún un dáadáa, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Iná ìjọba lè lọ. Ìjọba nìyẹn. Iná ilé wa ò kú.”

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ni kó tún kọ?

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni lẹ́tà dé. Ogójì ilé ló bèèrè, owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ méjìlá, ilé àwọn arúgbó sì ni ìkejìdínlógójì. Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì ló ṣe ipò kejì. Ó ti kọ gbogbo ìyẹ̀fun tí kò wú láàárín ọdún kan sílẹ̀ tọjọ́tọjọ́, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé láti fi ìwúkàrà sí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ni lẹ́tà náà wí, ó ní ọjọ́ méje láti wá sọ ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó sì mú ẹlẹ́rìí kan dání.

Mátírọ́nì pè é sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá, ọmọ ni mo jẹ́ sí yín. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni? Nítorí iṣẹ́ yín?”

“Mátírọ́nì! Èmi?”

“Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń bèèrè ni.”

Ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé kò lè búra. Ṣé kì í ṣe òun ló ń gbàdúrà kí fọ́ọ̀mù náà sọnù?

Mátírọ́nì nu awò ojú rẹ̀. “Mo ti pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní bí a bá lè tọ́ka sí ọjọ́ kan péré tí iná kú tí nǹkan fi ṣe ẹnì kan nínú àwọn ẹni wa, àwọn á tún un wò. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò sí. Ká kúkú dúpẹ́ pé kò sí.”

Ó wà.

Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, iná ìjọba lọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọjọ́ méjèèjì ni Bàbá Iná-Ò-Kú fi ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń rọ epo sí i, ó ń fetí sí ìró rẹ̀, kò sì fi ojú kan oorun. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta iná dé, ó pa ẹ̀rọ. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ nínú yàrá bíríkì, ó ti ilẹ̀kùn nítorí oòrùn, ó ní kí òun sinmi ẹsẹ̀. Oorun gbé e lọ. Iná ìjọba tún lọ. Fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ, kò sí Bàbá Iná-Ò-Kú.

Mátírọ́nì lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tí ń lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Àwọn méjì ń mí gulegule, wọ́n ṣì ń fara dà á. Tíṣà Àgbà kò lè fara dà á. Ètè rẹ̀ yí àwọ̀ padà, ẹyinjú rẹ̀ lọ sókè. Ẹlẹ́rìn-ín fi ìbòjú rọ́bà bò ó nímú àti lẹ́nu, ó ń tẹ báàgì afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ọn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u, ó sì ń kígbe sí alásè tó wà ní ilé ìdáná pé kó sáré lọ jí Bàbá. Ìdérí ìkòkò ni alásè fi lu ilẹ̀kùn yàrá bíríkì títí tó fi jí.

Nígbà tó tan ẹ̀rọ tán tó sáré dé yàrá, Tíṣà Àgbà ti ń mí, ṣùgbọ́n kò tí ì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ṣì wà lórí báàgì. Ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kí Mátírọ́nì gbọ́.”

Ẹlẹ́rìn-ín wo ojú rẹ̀ tó pọ́n kankan. “Bàbá, ẹ lọ bọ́jú. Mi ò ní sọ.”

Alásè náà gbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tíṣà Àgbà lajú dáadáa, ó sì bèèrè pé, “Ṣé iná kú ni?” Bàbá Iná-Ò-Kú ló dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. “Rárá o, Tíṣà,” ló wí. “Iná ò kú.” Ó wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti adìẹ tó bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò sì rọ adìẹ.

Ọjọ́ márùn-ún nínú ọjọ́ méje ló fi ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ó bá sọ ọ́, orúkọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nìyẹn, bóyá iṣẹ́ náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, sólà kò ní wá, ẹ̀mí àwọn ẹni mẹ́ta yóò sì máa so rọ̀ mọ́ òun nìṣó. Òun náà ń dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó mọ̀, kò kàn tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ta ló wá fẹ́ jókòó kó máa retí ọjọ́ náà? Ní ọjọ́ karùn-ún ó lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ká aṣọ ibùsùn.

“Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ ní káńsù,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn ẹ́. Ìwọ náà bá mi bò ó. Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Ẹlẹ́rìn-ín ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn.

“Bàbá, láàárọ̀ yìí, iná lọ nígbà tí ẹ wà nílé ìwẹ̀. Mo kà á dé mẹ́tàlélógún kí ẹ̀rọ tó ké. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń kà á. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ, mò ń kà, ọwọ́ mi á sì ti wà lórí báàgì yẹn. Nílé pàápàá, bí iná bá lọ, mò ń kà.” Ó gbé aṣọ mìíràn. “Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì ní káńsù, obìnrin onírun kúkúrú ọjọ́sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú bírò. Mátírọ́nì tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kàn sọ fún un pé àwọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ sọ ni. Ó yẹ kí Bàbá Iná-Ò-Kú ti sọ fún un nílé. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó dúró, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò wo ibi tí Mátírọ́nì jókòó sí.

Alága ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin onínú rere kan, fẹ́ ràn án lọ́wọ́. “Bàbá, tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló bàjẹ́, kò burú. Ẹ̀rọ ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá Iná-Ò-Kú mi orí.

“Kò bàjẹ́,” ló wí. “Ẹ̀rọ mi ò ní ẹ̀bi. Èmi ni mo sùn.”

Ẹlẹ́rìn-ín dìde, ó sọ apá tirẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tí ètè Tíṣà Àgbà yí sí àti bí apá ṣe ń ro òun fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó ń kọ nǹkankan mọ́. Obìnrin káńsù náà ló kọ́kọ́ rántí fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀.

“Bàbá, àyè kan ṣófo níbí. Wọ́n ní bí iná ìjọba bá lọ, kí lẹ gbẹ́kẹ̀ lé? Kí ni kí n kọ síbẹ̀? Jẹnẹrétọ̀?”

“Jẹnẹrétọ̀ kì í tan ara ẹ̀,” ló dáhùn. “Kọ ọ́ pé ọkùnrin kan ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kọ ọ́ pé ó máa ń sùn.”

Mátírọ́nì bá wọn rìn dé orígun títì. Ibẹ̀ ló ti dúró.

“Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, Bàbá, ǹ bá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, ǹ bá sì ti gba ẹnì kejì. Báyìí, mi ò tí ì mọ iye ọjọ́ tí màá fi bínú.” Ó yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà wà ńbẹ̀ o.”

Ó bínú fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Kò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò kọrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn sì ká gbogbo ilé lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ó gba ọkùnrin kan sí i láti máa pín iṣẹ́ náà ṣe, Bàbá Iná-Ò-Kú sì fi ibi gbogbo hàn án láìjanpata. Lẹ́tà kejì dé nígbà tí ìbínú náà kù díẹ̀ kó tán. Wọ́n ti gbé ilé àwọn arúgbó sókè dé ipò kẹrin. Àwọn àgbà kan nínú pálọ̀ pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn tó wá gbé sólà náà fi ọ̀sẹ̀ kan lórí òrùlé. Pátákó méjìdínlógún ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n gbé bátìrì mẹ́rin kọ́ ògiri yàrá bíríkì, wọ́n sì fa wáyà láti ibẹ̀ wọ gbogbo ilé. Bàbá Iná-Ò-Kú ń bá wọn gbé àkàbà, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ojú bátìrì mọ bó ṣe kún tó. Ó dùn ún, kò sì dùn ún. Nígbà tí wọ́n sún jẹnẹrétọ̀ sí igun, ó jáde síta díẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí wọ́n gbé ìdí rẹ̀ sókè dáadáa kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ pa iná ìjọba láti dán bátìrì wò. Kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó ní, iná ò tiẹ̀ ní ṣẹ́jú. Mátírọ́nì ní kí wọ́n dúró kí wọ́n lọ sọ ọ́ ní yàrá yàrá, kí àyà arúgbó kankan má baà já. Wọn kò tí ì sọ ọ́ tán ní yàrá kẹta tí igbe fi ta.

“Ẹ má pa á! Ẹ ti ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀kan!”

Bàbá Iná-Ò-Kú sáré wọlé. Tíṣà Àgbà ti fi wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ wé ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mí sókè-sódò. Bàbá bẹ gbogbo wọn kí wọ́n bọ́ síta, ó fa àpótí kékeré kan, ó sì jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Tíṣà, sólà ni wọ́n fẹ́ dán wò. Ẹ̀rọ yín ò ní dákẹ́.”

“Ó dákẹ́ rí,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ lè pè mí ní arúgbó. Orí mi ò tí ì dà rú.”

Ìgbà yẹn ni òye yé e, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé e lórí. Ó ti sọ ọ́ ní káńsù. Mátírọ́nì ti gbọ́, ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́, àní oníbúrẹ́dì ti gbọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ni èémí gan-an, kò sí ẹni tó sọ fún un. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

“Tíṣà, mo parọ́ fún yín. Iná kú lọ́jọ́ yẹn. Mo sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì, mi ò jí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹ bi mí, mo ní kò kú. Irọ́ ni.”

Tíṣà Àgbà yíjú sí i.

“Iná kú?”

“Ó kú, mà.”

“Gbogbo ilé? Kì í ṣe ẹ̀rọ tèmi nìkan?”

“Gbogbo ilé.”

Ohùn jẹ́jẹ́ ni Tíṣà Àgbà fi sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ tí kò tètè mọ̀wé.

“Mo lajú díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ mi ti dákẹ́. Ọmọbìnrin yẹn wà lórí mi, ó ń tẹ nǹkan mọ́ mi nímú àti lẹ́nu. Mi ò tún mọ nǹkankan mọ́. Nígbà tí mo jí, mo bi ọ́ bóyá iná kú, o ní kò kú. Tí iná ò bá kú, tí ẹ̀rọ mi sì dákẹ́, ẹnì kan ló pa á. Ta ló wà níbẹ̀? Òun nìkan.” Ó fa afẹ́fẹ́. “Ó lé ní oṣù mẹ́wàá tí mo ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo rò pé ó fẹ́ pa mí. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gba arúgbó gbọ́?”

Bàbá Iná-Ò-Kú fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló dé.

“Má sunkún sí mi lẹ́sẹ̀,” ni Tíṣà Àgbà wí. “Dá mi lóhùn. Kí ló ń tẹ̀ mọ́ mi nímú?”

“Afẹ́fẹ́ ni, mà. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ mí fún yín ni. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ kú. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, kò sì sọ, gbogbo bí ẹ ṣe ń lé e yẹn.”

Omi ń bọ́ lójú Tíṣà Àgbà, kò nù ún.

“Ìwọ kọ́ ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn,” ló wí. “Tìrẹ ṣì ń bọ̀. Lọ pè é wá.”

Ó lọ pè é. Ẹlẹ́rìn-ín dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń dúró sí kí wọ́n má baà lé e.

“Ìyá, wọ́n ní ẹ ń pè mí?”

Tíṣà Àgbà tú wáyà náà kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà, ọ̀kan, èkejì, fún ìgbà pípẹ́.

“Ọmọ mi,” ló wí, “ọwọ́ wo lo fi ń tẹ̀ ẹ́?”

“Méjèèjì ni, mà.”

“Kó wọn wá.”